Owó Ìwádìí Kì í Ṣe Owó Àgbà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di ìmọ̀ràn láàárín àwọn tó ń ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ní Àlàbàtà, tó ní òun fẹ́ kọ̀wé béèrè owó ìwádìí, wọ́n á ní kó fara balẹ̀ ná. Kó kọ́kọ́ ríṣẹ́, kó gòkè díẹ̀, kó di Senior Lecturer ó kéré tán, kó tó máa gbé orúkọ rẹ̀ síwájú àwọn tó ń fúnni lówó. Ẹni tó wà ní Moshood Abiola Polytechnic ní Ojéèrè ń gbọ́ ọ, ẹni tó wà ní Federal College of Education ní Òsíẹ̀lẹ̀ náà ń gbọ́ ọ. Ìfẹ́ ló ń mú kí àwọn àgbà máa sọ ọ́, n kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa èèyàn lára. Púpọ̀ nínú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ní gbèdéke: bí kì í ṣe ọjọ́ orí, á jẹ́ iye ọdún téèyàn ti gba PhD. Ẹni tó bá ní òun ń dúró kí òun dàgbà sídìí iṣẹ́, ìdúró yẹn gan-an ni yóò lé e kúrò lórí ìlà.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Iṣẹ́ tó bá tóbi, orúkọ àgbà ló ń jẹ́. Adìyẹ FUNAAB Alpha tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta mú jáde, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2018, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ ni wọ́n ń dá mọ́ ọn. Iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní C:AVA, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú owó Bill & Melinda Gates Foundation, abẹ́ Natural Resources Institute ti Yunifásítì Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ wà. Nígbà tí apá kejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2014, wọ́n gbé ìdarí rẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta, àtibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bójú tó iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Gánà, Tàǹsáníà, Ùgáńdà àti Màláwì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà níwájú. Ọ̀dọ́ tó ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn á ní, "Ó dáa, ọjọ́ tèmi náà ń bọ̀." Ohun tí kò kà sí ni pé adìyẹ yẹn gbà ju ogún ọdún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, àárọ̀ ni yóò ti jí sí i.

Ẹ̀bùn ni ìdí kejì. Nígbà tí L'Oréal àti UNESCO dá ẹ̀bùn wọn sílẹ̀ fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì ní 1998, Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Ọládùńní Taylor ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ní 2001, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálùsì, tóun náà jẹ́ ará Yunifásítì Ìbàdàn, gbà á nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lára òbí. Ohun ìwúrí ni fún gbogbo wa. Àmọ́ ẹ̀bùn ni ìyẹn, ohun téèyàn ti ṣe ni wọ́n fi ń yẹ́ ẹ sí. Ohun téèyàn kò tíì ṣe ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fúnni lówó ìwádìí. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á máa rò pé orí ewú ni fọ́ọ̀mù ń béèrè. Kò sì wọ́pọ̀ kí á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé ètò L'Oréal àti UNESCO yìí kan náà ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣì ń ṣe PhD lọ́wọ́, àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. International Foundation for Science, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Stockholm ní orílẹ̀-èdè Swídìn ní 1972, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa fún àwọn onísáyẹ́ǹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lówó ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè, pàápàá àwọn tó ń wádìí omi, ohun ọ̀gbìn, ẹran ọ̀sìn àti igbó. Owó náà kò pọ̀ lọ títí, fún ìgbà pípẹ́ ẹgbẹ̀rún 12 dọ́là ni òkè rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún ni wọ́n sì ń wá. Humboldt Foundation ti Jámánì ní fellowship fún ẹni tó gba PhD láàárín ọdún 4 sẹ́yìn, ó ní òmíràn fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì ju ọdún 12 lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí fọ́ọ̀mù wọn ń kú láàárín ọdún, wọn kò sì pín iye kan fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Tí ọdún 12 bá ti kọjá, ohun tó kù lọ́dọ̀ wọn ni ẹ̀bùn àwọn àgbà, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń béèrè fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń fi orúkọ ẹni sílẹ̀. TWAS, ẹgbẹ́ tí Abdus Salam, onímọ̀ físíìsì ọmọ Pakistan nì, ṣagbátẹrù rẹ̀ ní Trieste ní Ítálì ní 1983, ń ran àwọn onísáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ láti lọ ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, Pakistan àti ibòmíràn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń wádìí ewé àti egbò ti bá a dé ibùdó kẹ́mísírì tó wà ní Karachi, láti lo ẹ̀rọ tí kò sí nílé. Gbèdéke ọjọ́ orí wà nínú ètò tirẹ̀ náà.

Wọn kò fi òfin yìí lélẹ̀ láti fi àgbà wọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá fi ọ̀dọ́ tó ní àpilẹ̀kọ mẹ́ta sójú kan pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wa la mọ ẹni tí yóò gbé owó lọ, lọ́dọọdún, títí tí ọ̀dọ́ náà yóò fi lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣọgbà yí owó kan ká. Ẹni tí wọ́n ṣe ọgbà fún wá ń sọ pé òun kò tíì tó wọlé.

Abẹ́òkúta gan-an kọ́ ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ti máa jáde. Ní 1923 ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lámbò sí ìlú yìí. Ó lọ sí Baptist Boys' High School, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó tún kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London, ó sì padà wálé. Ní 1954, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Àrò, ọmọ ọdún 31 ni. Kò dúró kí ilé-ìwòsàn ńlá parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó ṣètò kí wọ́n máa gbé nínú ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Àrò ká. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìbátan kan wá, ìyá, àbúrò tàbí ìyàwó, ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Ilé-ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fẹ ilé wọn lójú. Lámbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ náà, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kò jẹ́ fẹnu bà. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ kóra jọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Alexander Leighton kó àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wá, tí àwọn àti Lámbò jọ wọ abúlé kiri tí wọ́n ń bi àwọn èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, tí ìwé *Psychiatric Disorder among the Yoruba* sì jáde ní 1963. Lámbò kò tíì pé ogójì nígbà tí wọ́n dé. Ipò Igbákejì Ọ̀gá Àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé tí gbogbo èèyàn fi ń rántí rẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn ìyẹn ló dé.

Ẹnì kan lè ní ayé ìgbà náà yàtọ̀, pé àyè pọ̀, dókítà kò pọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ àyè nìkan kọ́ ló mú Cornell wá sí Àrò. Ohun kan ń lọ níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, ẹni tó ń ṣe é sì mọ ìbéèrè tí òun fẹ́ kó dáhùn.

Nílé ńkọ́? Owó tó wà fún ìwádìí nílé, TETFund ni baba rẹ̀. Òfin 1993 ló dá owó orí ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ìdá 2 nínú 100 lórí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin 2011 sọ àjọ náà di TETFund. Ní 2023 owó orí náà ti di ìdá 3. Òfin owó orí tuntun ti 2025 wá kó o pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn, ó di ìdá 4, ìdajì rẹ̀ sì ni ti TETFund. Yunifásítì nìkan kọ́ ló ń jẹ níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Pólì Ojéèrè wà lábẹ́ rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì Òsíẹ̀lẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí ti ìjọba ni wọ́n. Ibi tí ààlà wà ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni: olùkọ́ Crescent University tàbí Chrisland University, tí méjèèjì wà ní Abẹ́òkúta níbí, kò lè gba owó TETFund. Ṣùgbọ́n Humboldt kì í béèrè ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Nínú TETFund fúnra rẹ̀, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Institution-Based Research ni kékeré, inú ilé-ẹ̀kọ́ ẹni ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. National Research Fund ni ńlá, ẹgbẹ́ olùwádìí láti ẹ̀ka ìmọ̀ oríṣiríṣi ló sì ń béèrè fún un. Ọ̀dọ́ lè wà nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti fi orí sin àgbà nínú National Research Fund kan, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò ìnáwó, tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó tí wọ́n ná fún olówó, ti kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé PhD kankan.

Ìtàn kòrónà fi bí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti owó ṣe so pọ̀ hàn kedere. Ní 2014 ni Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò Africa Centres of Excellence. FUNAAB rí i gbà, òun ló fi dá CEADESE sílẹ̀ ní Àlàbàtà, ibùdó fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àyíká. Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ náà rí tirẹ̀ gbà fún ACEGID, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni. Báńkì Àgbáyé kì í da owó náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibùdó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi èsì hàn, kí ará ìta sì jẹ́rìí sí i: iye akẹ́kọ̀ọ́ PhD àti másítà tó gbà, pàápàá àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àti àpilẹ̀kọ tó jáde. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, orí àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń kà kí owó tó jáde. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, ọmọ Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ ní Ewékorò, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹdẹ ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò àrùn náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ibùdó tí wọ́n fi owó kọ́ láti máa tọ́ ọ̀dọ́ olùwádìí ló ṣe é.

Ohun tí ọ̀dọ́ yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù ló wá kù. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá gba àwọn abúlé Ẹ̀gbá kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí láfún tí wọ́n sá sórí àpáta, tí wọ́n sá sórí ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó lè rọ̀, kí oró inú rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Eruku mọ́tò ń rọ̀ sí i, ewúrẹ́ ń yọ́ bọ̀, òjò lè ṣú nígbàkígbà. Ọ̀dọ́ kan lè jókòó kó kọ ọ́ pé òun fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ mú ebi kúrò ní Áfíríkà. Kò ní rí kọ́bọ̀. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé òun fẹ́ sá láfún sórí pẹpẹ tó ga dé ìbàdí tí òun fi àwọ̀n bò, kí òun sá irú rẹ̀ kan náà sórí ọ̀dà, kí òun ka kòkòrò tí ojú kò rí nínú méjèèjì, kí òun mọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi gbẹ, kí òun sì bi àwọn ìyá tó ń ta láfún ní ọjà Kútọ̀ bóyá wọ́n á fowó lé ti orí pẹpẹ. Eléyìí ni iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún 12 dọ́là. Èèyàn lè parí rẹ̀ láàárín ọdún méjì, ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ní Stockholm sì lè fojú inú rí i.

Kí ọ̀dọ́ náà tún rántí pé owó náà kò ní wọ àpò òun. Ìgbàgbọ́ pé àpò ẹni ló ń wọ̀ náà ń yọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu, wọ́n ń kí ẹni tó gba owó ìwádìí bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń gbà á wọlé, orí igi, àwọ̀n, owó mọ́tò, kẹ́míkà àti owó ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n sì pín in sí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Rìsíìtì ni wọ́n á fi bi í.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń sọ pé kò sówó fi jàre, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, owó tí wọ́n fọwọ́ sí ní náírà kò ra ìdajì kẹ́míkà tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ti ń wá. Royal Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti African Academy of Sciences ní ètò kan nígbà kan tí wọ́n ń pè ní FLAIR, tó máa ń fún ọ̀dọ́ olùwádìí ilẹ̀ Áfíríkà ní tó ẹgbẹ̀rún 150 pọ́n-ùn lọ́dún fún ọdún méjì, kí wọ́n sì dúró sílé ṣe é. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí i ní 2019. Ní 2021 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gé owó ìrànwọ́ fún òkèèrè láti ìdá 0.7 sí 0.5 nínú 100 owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn, owó ìwádìí sì fara gbá a. Ní 2025 Amẹ́ríkà tú USAID ká, àjọ ìwádìí ìlera wọn, NIH, sì dáwọ́ dúró lórí owó tí ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà máa ń pín fún alábàáṣiṣẹ́ wọn lókè òkun. Ilẹ̀kùn ń tì lóòótọ́. Èyí kò sọ ìmọ̀ràn "ní sùúrù" di òtítọ́, ńṣe ló túbọ̀ jẹ́ kó léwu, nítorí ètò tó wà lọ́dún yìí lè má sí mọ́ nígbà tí ẹni náà bá di Senior Lecturer.

Àṣìṣe kékeré kan so mọ́ ńlá yìí, pé ẹni tí kò bá tíì di olùkọ́ yunifásítì kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. International Foundation for Science fẹ́ kí ẹni náà so mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ibùdó ìwádìí kan nílé, ìyẹn sì lè jẹ́ FIIRO ní Òṣòdì tàbí NIHORT ní Ìbàdàn. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ onísáyẹ́ǹsì kan ní Jámánì tó gbà láti gbà á lálejò ni Humboldt ń béèrè. Lẹ́tà yẹn ló ń pẹ́ jù, nítorí èèyàn gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ ẹni náà dáadáa kó tó kọ̀wé sí i. Ẹni tó bá fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ogójì ọ̀jọ̀gbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò gbà lésì.

Ọ̀rọ̀ ọdún tí wọ́n ń kà yìí ní ìhà kan tó kan àwọn ìyá ọlọ́mọ. Obìnrin tó bí ọmọ méjì lẹ́yìn PhD lè rò pé ọdún òun ti lọ. Ọ̀pọ̀ ètò ní òfin tó ń dá ọdún padà fún un. Ní European Research Council, oṣù 18 ni wọ́n ń fi kún un fún ìyá lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìwé ìbí ọmọ ni ẹ̀rí rẹ̀. Humboldt náà ń ro ìgbà tí èèyàn fi tọ́mọ mọ́ ọn.

Ọjọ́ wo gan-an ni kí á ti máa kà á? Ní yunifásítì wa, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ dúró síwájú àwọn olùyẹ̀wò, ọjọ́ tí Sẹ́néètì fọwọ́ sí èsì, àti ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege lè jìnnà síra wọn. Gbogbo olówó kọ́ ló ń ka ọjọ́ kan náà, ìyàtọ̀ ọ̀hún sì lè jẹ́ kí ẹnì kan wà nínú ọdún 4 tàbí kó bọ́ síta. Kí olùwádìí kọ̀wé sí wọn láti béèrè, kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kó sì gba ìwé èsì tí ọjọ́ Sẹ́néètì wà lórí rẹ̀ kó tó kẹ́rù kúrò ní Àlàbàtà, torí ìwé-ẹ̀rí gangan lè má tètè jáde, fọ́ọ̀mù kò sì ní dúró dè é.